Ọ̀nà Tí Òògùn Ń Gbà Wọ Ara

Àwọn àgbà a máa wí pé òògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Àìmọye ìgbà ni mo ti pa òwe yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láì tún un rò. Ọjọ́ tí ewé pé, tí òògùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá mi, ni mo mọ̀ pé ó ku ohun kan tí òwe náà kò kà mọ́ ọn.

Ìràwọ̀, ní agbègbè Òkè-Ògùn, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, nínú ọyẹ́ ọdún 2014. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá bàbá mi jà, dókítà sì ní kí wọ́n máa lo Nifedipine, irú èyí tí a ṣe kí ó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn fún odidi ọjọ́ kan. Èmi ni mo rà á, èmi ni mo gbé e lọ sílé. Mo ní, "Bàbá, hóró kan láràárọ̀," mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́. N kò ka ìwé pélébé tí ó wà nínú páálí rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Èmi tí mo lè kà á kò kà á, àwọn tí mo fi í sílẹ̀ fún kò lè kà á.

Ìyá mi, tí wọ́n mọ tinú ewé, wo hóró náà, wọ́n ní òògùn tí a kò gún kì í tètè wọ ara. Wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n pò ó mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n gbé e fún ọkọ wọn. Kò pẹ́ tí òòyì fi gbé Bàbá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí ó yẹ kí ara wọn gbà láàárín wákàtí 24 ti dà wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọlọ́run ni ó yọ wọ́n.

A kò lè dá ìyá mi lẹ́bi. Nínú èdè wa, orúkọ òògùn ni ó sábà máa ń sọ bí a ó ti lò ó. Àgúnmu ni ohun tí a gún tí a mu. Àsèjẹ ni èyí tí a sè tí a jẹ. Ìpara ni èyí tí a fi pa ara. Bí a bá sín gbẹ́rẹ́, tí a fi ẹ̀tù ra á, òògùn yóò bá ẹ̀jẹ̀ lọ láìgba ikùn kọjá, gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ dókítà. Ọ̀nà pọ̀, ìyá mi sì mọ̀ wọ́n. Hóró tí mo gbé wálé nìkan ni kò ní orúkọ tí ó júwe ọ̀nà tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìjà láàárín ewé àti ọgbọ́n tuntun yìí. Ìmọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá ni àwọn onímọ̀ NIPRD ní Àbújá fi ṣe Niprisan fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ìyèré, kànáfùrù, osùn àti ọkà bàbà, tí Òkè-Ògùn ń gbìn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí ó jáde sọ́jà ní ọdún 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan, inú kápúsù ni ó wà, kí ìwọ̀n tòní má baà yàtọ̀ sí tọ̀la. Ewé kò yí padà. Ọ̀nà ni a tún ṣe.

Nígbà tí Bàbá gbádùn, mo jókòó ti ìyá mi, mo ṣàlàyé pé ìwọ̀nba ni a ṣe hóró náà kí ó máa fi ara rẹ̀ sílẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá lọ̀ ọ́ ti wó ilé tí a kọ́ fún un. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Àgbémì ni, kì í ṣe àgúnmu. Kí ló dé tí o kò wí bẹ́ẹ̀?"

N kò rí èsì fún wọn. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí náà: ÀGBÉMÌ.