Owó Tí A Ná Kí Ó Tó Dé

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, kì í sì í ṣe owó tí ó wà lọ́wọ́, bí kò ṣe èyí tí ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Irú owó bẹ́ẹ̀ a máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya, nítorí pé ojú kò tíì rí i, ṣùgbọ́n ọkàn ti ná an tán. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ní ọdún 2008, èmi àti ọkọ mi ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ọmọ wa mẹ́ta. Ọkọ mi ń wa takisí, èmi sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọrọ̀ ajé ilẹ̀ náà kò fara rọ nígbà náà. Ní oṣù kejì ọdún náà, Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí òfin kan pé kí ìjọba dá díẹ̀ padà fún àwọn aráàlú nínú owó orí, kí wọ́n lè rí nǹkan ná, kí ọjà sì lè máa tà. Ẹni tí ó bá dá wà lè gbà tó 600 dọ́là, tọkọtaya lè gbà tó 1,200, a ó sì fi 300 kún un lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà méjì tí ó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà Social Security oníkálùkù ni ìjọba yóò fi pín àwọn ọ̀sẹ̀ tí owó náà yóò máa jáde.

Láti ìgbà náà ni kò ti sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu àwa obìnrin níbi iṣẹ́. Ọ̀kan ní òun yóò fi ra táyà tuntun sí ọkọ̀ òun. Èkejì ní òun yóò fi kó àwọn ọmọ òun lọ sí etí òkun. Àgbà obìnrin kan wà láàárín wa tí kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní owó tòun ti mọ ilé tí ó ń lọ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ ìjọba: gbèsè ni yóò gbà á. A fi í rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo wá gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí káàkiri ilẹ̀ náà, wọ́n sì rí i pé ìdá kan nínú márùn-ún péré ni ó ní òun yóò fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà ná ìnáwó tuntun. Nǹkan bí ìdajì ní àwọn yóò fi san gbèsè, àwọn yòókù ní àwọn yóò fi pamọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí ní ọdún 2001, nígbà tí ìjọba ṣe irú rẹ̀: àwọn tí ó fẹ́ ná an kò pọ̀. Àgbà obìnrin tí a fi rẹ́rìn-ín kò dá wà rárá.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, èmi náà jókòó, mo ṣe ìṣirò tèmi. 1,200 fún èmi àti ọkọ mi, 900 fún àwọn ọmọ mẹ́ta, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,100 dọ́là. Inú mi dùn. Ọdún mẹ́rin ni a ti ń jókòó lórí àga àlòkù kan tí irin rẹ̀ ń gún àlejò ní ìdí. Nígbà tí oṣù kẹrin ń parí lọ, mo lọ sí ilé ìtajà kan, mo gbé àga onítìmùtìmù tí iye rẹ̀ jẹ́ 1,400 dọ́là láwìn. Mo ní bí owó ìjọba bá dé, n ó san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí mo sọ fún ọkọ mi kò ju pé wọ́n ń ta ọjà ní ẹ̀dínwó lọ. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ tán.

Bẹ́ẹ̀ sì ni a ti jẹ gbèsè 1,100 dọ́là tẹ́lẹ̀ lórí káàdì tí a fi ń rajà láwìn, èlé rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 22 lórí 100 lọ́dún. Àwa méjèèjì mọ̀ nípa gbèsè yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, tẹlifóònù dún. Àbúrò ọkọ mi ni, láti ilé. Akọ̀wé ni mo máa ń pè é, nítorí pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ìnáwó o. Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò."

Mo ní, "Ìnáwó wo ni, Akọ̀wé?"

"Ti páànù ilé Màmá ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní 1,500 dọ́là ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba yín. Kápẹ́ńtà ti ṣí òrùlé yàrá Màmá àti ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa rán an létí, òjò ti ń ṣú."

Ẹnu mi wọhò. 1,400 tèmi àti 1,500 tirẹ̀ di 2,900, bẹ́ẹ̀ ni 2,100 ni gbogbo ohun tí a ń retí. Àwa méjèèjì ti ná owó kan náà, oníkálùkù sí ọ̀nà tirẹ̀, láìsọ fún ara wa.

Mo bi ọkọ mi léèrè pé, "Bàbá àwọn ọmọ, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Ó wò mí, ó ní, "Àga tí o jókòó lé yìí, owó wo ni o fẹ́ fi san án?"

N kò rí èsì fọ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ọ̀rọ̀ tí a ń bá ara wa sọ kò ju "oúnjẹ ti délẹ̀" lọ. Mo ń bínú pé ó fi ìyá rẹ̀ ṣáájú ilé wa. Òun ń bínú pé mo fi àga ṣáájú ìyá rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé owó orí méjì ni Yorùbá ní: èyí tí à ń san fún ìjọba, àti èyí tí ọkọ ń san lórí ìyàwó. Díẹ̀ ni ó kù kí èyí tí ìjọba dá padà ba èyí tí ọkọ mi san lórí mi jẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù náà ni owó wọlé sí báńkì. 1,800 dọ́là ni, kì í ṣe 2,100. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 17 nígbà tí ọdún 2007 parí nìkan ni òfin náà kà, àkọ́bí wa sì ti pé ọdún 17 ní oṣù kọkànlá. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú òfin láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìfẹ́ àga ni kò jẹ́ kí n bèèrè.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ni ó mú ìwé wá, tí ó ní kí n mú bírò. A kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ilé ìtajà gbà láti gbé àga wọn padà, ṣùgbọ́n wọ́n gba 75 dọ́là fún ẹrù gbígbé. A fi 1,100 pa gbèsè orí káàdì. A fi 500 ránṣẹ́ sílé kí wọ́n kan páànù yàrá Màmá kíákíá. 125 tí ó ṣẹ́kù ni a fi sílẹ̀ fún epo ọkọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé kí ó tó di oṣù keje, gálọ́ọ̀nù epo kan ti kọjá dọ́là mẹ́rin ní Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n kí owó wa tó dé ọwọ́ Akọ̀wé, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Omi wọ inú àpótí aṣọ Màmá. Àwọn aṣọ òkè tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó rẹ̀ bà jẹ́ pátápátá. Mo pè é láti tọrọ ìdáríjì. Ó ní, "Ìyàwó mi, ènìyàn ni aṣọ mi, má dààmú." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Tapólì ni wọ́n ta bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí a fi rí owó páànù yòókù san ní oṣù Kejìlá.

Nígbà náà ni mo rántí ohun tí ìyá tí ó bí mi máa ń sọ nípa owó Údójì. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ ni ó dábàá pé kí a fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, wọ́n san àjẹẹ́lẹ̀ rẹ̀, láti oṣù kẹrin ọdún 1974, lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi nígbà náà, rẹ́díógíráàmù ni ó sì rà. Ìyá mi ní, ní tòun, ọjọ́ tí àwọn ará ọjà gbọ́ pé owó ń bọ̀ ni wọ́n ti gbówó lé gàrí. Àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ nínú Údójì pàápàá ra gàrí ọ̀wọ́n. Òun a máa parí rẹ̀ pé owó òjijì kì í ní olówó kan ṣoṣo. Gbogbo ẹni tí ó bá gbúròó rẹ̀ ni yóò tẹ́ àwo.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ, ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Èkínní, ẹ má ṣe gbé ọjà láwìn lórí owó tí kò tíì dé, nítorí pé ó lè dín, ó sì lè pẹ́. Èkejì, ẹ wádìí iye tí ó tọ́ sí yín gan-an, ẹ má ṣe gba ti ẹnu ọ̀rẹ́. Ẹ̀kẹta, ẹ kọ́kọ́ dárúkọ gbèsè. Gbèsè tí ó ń bí èlé kò gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn nínú ìṣirò. Ẹ̀kẹrin ni ó sì ṣe pàtàkì jù: kí ọkọ sọ èyí tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, kí ìyàwó sọ tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó ṣe ìlérí fún ará ilé tàbí fún ọlọ́jà. Ìfẹ́ inú ọkọ mi kò burú, tèmi náà kò burú. Ìpamọ́ ni ó burú.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan nìyí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ni òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Wọn kì í gba owó orí mọ́ lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún nínú owó tí ó yẹ kí a san án lé lórí. Ẹni tí ó ń háyà ilé sì lè yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé rẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n tó ṣírò, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ju 500,000 náírà lọ. Bí owó oṣù ọkọ yín tàbí tiyín bá tipa báyìí lé díẹ̀, owó tí ìjọba dá padà náà ni. Bí ẹ kò bá jọ fún un ní iṣẹ́ ṣe, yóò wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀.

Ní ọdún 2020, ìjọba Amẹ́ríkà tún fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní owó tó 1,200 dọ́là nígbà àrùn Kòrónà. Ọkọ mi kò tíì gbọ́ ìròyìn náà tán tí ó fi nawọ́ sí ìwé, èmi náà sì ti ń wá bírò. A wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo kọ́kọ́ kọ orúkọ Màmá sílẹ̀: ìró àti bùbá aṣọ òkè kan.