Igi Gogoro Má Gún Mi Lójú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òwe ńlá ni, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká ló pa á. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí kò rí òkèèrè rárá láìlo awò, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní gíláàsì. Bí mo bá bọ́ ọ lójú, ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì yàrá kò ní imú, kò sì ní ẹnu mọ́. Òjìji lásán ni. Báwo wá ni irú mi yóò ṣe wo igi gogoro láti òkèèrè? Láti bí ọdún méjì sẹ́yìn ni àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí ti ń gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ fi lésà tún ojú mi ṣe, kí n sì ju awò nù. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ibi tí mo bá a dé ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ yóò mọ ìdí tí ìmọ̀ràn náà fi wọ̀ mí létí. Ìgàndò ni ilé wa wà, títì tó lọ láti LASU sí Ìyànà Ìpájà ni mò ń gbà lójoojúmọ́. Ní ìdájí, ẹni tí yóò bá rí ọkọ̀ wọ̀ gbọ́dọ̀ ti dá ọkọ̀ náà mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kí ó sì ti máa sáré kí kọ̀ńdọ́ tó pe ibi tó ń lọ tán. Bí òjò bá ń rọ̀, omi á bo awò. Bí oòrùn bá mú, òógùn á mú kí ó máa yọ̀ bọ́ lórí imú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oríta Ìkòtún, nígbà tí èrò ń wọ́ lọ sílé, èjìká ẹnì kan gbá mi, awò mi bọ́ sílẹ̀, kí n sì tó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, táyà dánfó ti gorí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ló fà mí lọ́wọ́ sọdá títì bí ẹní ń fa arúgbó. Owó tí mo fi ra òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oúnjẹ mi fún oṣù kan. Ta ni irú èyí yóò ṣẹlẹ̀ sí tí kò ní wá ọ̀nà àbáyọ?

Ó dára kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí lésà ń ṣe. Awọ kan wà níwájú ẹyinjú wa tó mọ́ gaara bí omi òjò. Ẹyinjú ẹni tí kò rí òkèèrè sábà máa ń gùn ju bó ti yẹ lọ, nítorí náà àwòrán ohun tó ń wò kì í dé ẹ̀yìn ojú kó tó kó ara jọ. Awò ń ti àwòrán náà sẹ́yìn síbi tó yẹ. Lésà ní tirẹ̀ kò lo awò. Awọ gaara yẹn gan-an ló ń gbẹ́, títí tí àárín rẹ̀ yóò fi tẹ́ díẹ̀ sí i.

Ní ọdún 1981 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, Srinivasan, Wynne àti Blum, rí i pé irú lésà kan lè gé ẹran láìjó etí ibi tó gé. Ẹran tòlótòló tó ṣẹ́kù níbi àsè ọdún ni wọ́n fi dán an wò! Ní 1983, Stephen Trokel, dókítà ojú kan ní New York, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé a lè lò ó fún awọ ojú. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1990, Ioannis Pallikaris ní erékùṣù Crete ní ilẹ̀ Gíríìsì ti dá ọgbọ́n mìíràn sí i: kí a kọ́kọ́ ṣí ojú awọ náà bí ìdérí tí kò já tán, kí a lo lésà lábẹ́ rẹ̀, kí a sì dá ìdérí padà sí àyè rẹ̀. Èyí ni gbogbo ayé ń pè ní LASIK. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora ni wọ́n ń kán sí i, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe ojú kan. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá mi, wọ́n ní: “Ojú tí Ọlọ́run dá ni wọ́n fẹ́ fi iná fá bí ẹní ń fá orí?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ má jẹ́ kí a purọ́ mọ́ iṣẹ́ oníṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni lésà ṣe lóore. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ṣe é ní 2006. Ó ní lọ́jọ́ kejì, nígbà tí òun jí, òun na ọwọ́ sí orí tábìlì láti mú awò gẹ́gẹ́ bí ìṣe òun, àfi bí òun ṣe rí i pé òun ti ń ka aago ara ògiri. Ìwádìí tí àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, ṣe lórí rẹ̀, èyí tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, fi hàn pé ó lé ní ìdá 95 nínú 100 àwọn tó ṣe é tí inú wọn dùn sí bí wọ́n ṣe ń ríran.

Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà sọ ohun mìíràn. Nínú àwọn tí ojú wọn kò ṣe ségesège tẹ́lẹ̀, iye tó tó ìdá 46 nínú 100 ló sọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé àwọn ti ń rí ohun tuntun kan, bí òrùka ìmọ́lẹ̀ yí iná ká lálẹ́, tàbí kí iná máa tàn yanran sí wọn lójú. Iye tó tó ìdá 30 nínú àwọn tí ojú wọn kì í gbẹ tẹ́lẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ní ojú gbígbẹ. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dí lọ́wọ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn gidigidi kò tó ẹyọ kan nínú 100. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń kán omi sójú títí di òní. Nígbà tó sì lé ní ọdún 45, ó tún ra awò, èyí tó fi ń kàwé, nítorí pé lésà kì í dá ọjọ́ ogbó dúró. Síbẹ̀, ó ní bí wọ́n bá ní kí òun tún un yàn, òun yóò tún un ṣe.

Kí ló wá ń dá mi dúró? Ohun àkọ́kọ́ ni ìtàn. Kí lésà tó dé, abẹ ni wọ́n fi ń la awọ ojú ní ìlà ìlà bí ìtànṣán oòrùn, ọ̀nà tí Svyatoslav Fyodorov sọ di olókìkí ní Rọ́ṣíà láàárín ọdún 1970 sí 1980. Àwọn ènìyàn ju awò nù, wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó tẹ̀ lé wọn fún ọdún mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1994, rí i pé ìdá 43 nínú 100 ojú náà ti ń yí díẹ̀díẹ̀ lọ sí òdì kejì, débi pé ohun tó wà nítòsí ló wá ń ṣòro láti rí. Lésà kì í ṣe abẹ yẹn o, ó sì ti pẹ́ tó báyìí láti mọ̀ pé ó sàn jù ú lọ fíìfíì. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ayọ̀ oṣù kẹfà kọ́ ni ẹ̀rí ọdún kẹwàá.

Ohun kejì ni ó jẹ mí lógún jù. Ìyá bàbá mi, tí a ń pè ní Ìyá Ẹ̀gbẹ́dá, ti fọ́jú. Gùlókómà ni dókítà pè é. Kò dùn wọ́n, kò pọ́n lójú. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ ń kú, tí wọ́n fi ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn, a sì rò pé ọjọ́ orí ni. Kí a tó mọ̀, àárín nìkan ló kù, èyí tó sì ti lọ kì í padà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 rí i pé nínú àwọn tó ti pé ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìdá 4.2 nínú 100 ló fọ́jú, gùlókómà sì ni igbá kejì nínú ohun tó ń fa ìfọ́jú náà, lẹ́yìn kàtárátì. Àrùn yìí ń rìn nínú ìdílé, ó sì fẹ́ràn ojú ẹni tí kò rí òkèèrè ju ojú ẹlòmíràn lọ. Ohun méjèèjì ni mo ní.

Kí ló kan lésà níbẹ̀? Láti mọ gùlókómà, dókítà máa ń wọn bí omi inú ojú ṣe le tó, nípa títẹ awọ gaara yẹn. Lésà ti gbẹ́ awọ náà, ó ti fẹ́lẹ́. Ẹ fi wé fọkanáísà tó ń fi ọwọ́ tẹ táyà tí rọ́bà rẹ̀ ti jẹ tán: táyà á rọ̀ sí i lọ́wọ́, yóò sì rò pé atẹ́gùn inú rẹ̀ kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti kún. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà tí dókítà yóò rí lẹ́yìn lésà yóò ṣe kéré ju òótọ́ lọ. Bí dókítà náà kò bá mọ̀ pé wọ́n ti fi lésà ṣe ojú ọ̀hún rí, ó lè ní kí n máa lọ sílé ní àlàáfíà nígbà tí olè ti wọlé. Lésà a máa mú awò kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyinjú tó gùn kò kúrú, gbogbo ewu tó bá gígùn rẹ̀ rìn ṣì wà níbẹ̀.

Mo lọ ṣe àyẹ̀wò. Awọ ojú mi nípọn tó 508 máíkírọ́ọ̀nù, èyí tó lé díẹ̀ ní ìlàjì mìlímítà. Ti ọ̀pọ̀ ènìyàn sún mọ́ 540. Ìdérí yóò mú nǹkan bí 110, lésà yóò gbẹ́ nǹkan bí 80 nítorí pé awò mi ti dé -5.50, yóò sì ku nǹkan bí 318. Àwọn dókítà kì í fẹ́ kí ìyókù wá sílẹ̀ ju 250 lọ, òmíràn nínú wọn kì í fẹ́ kí ó dín ní 300, kí awọ náà má baà rọ, kó sì yọ gọngọ síta lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Mo yege, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ni mo fi yege. Yàtọ̀ sí èyí, -5.00 ni mí lọ́dún tó kọjá. Ojú tó ṣì ń rìn kò tíì ṣe é dè mọ́lẹ̀.

Ìpinnu mi rèé: n kò ní ṣe é báyìí. Bí nọ́ńbà mi bá dúró sójú kan fún ọdún méjì, tí dókítà gùlókómà sì yẹ ẹ̀yìn ojú mi wò lọ́dọọdún tí kò rí nǹkan kan, n ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ní báyìí, mo ti ra okùn tó ń di awò mọ́ ọrùn, mo sì ní awò kejì nínú báàgì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, n kò ní kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè bí awọ ojú yín ṣe nípọn tó àti iye tí yóò kù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé yín ta ló fọ́jú nínú ẹbí àti ohun tó fà á. Ẹ gba ìwé gbogbo ìwọ̀n tí wọ́n wọ̀n ṣáájú iṣẹ́ náà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ẹ̀rí yunifásítì, nítorí pé dókítà tí yóò ṣe kàtárátì fún yín nígbà ogbó yóò wá a. Àwa tí a kò rí òkèèrè pẹ̀lú ojú wa ṣì lè fi ìbéèrè wò ó. Ojú wa kò ní fọ́ o.