Ìmọ̀ràn Tí Mo Fún Ọmọ Hyderabad

Akka ló máa ń pè mí. Ní èdè Telugu tí wọ́n ń sọ ní ìlú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n obìnrin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà tó kó wá sí ilé tí a jọ háyà ní Leicester, nítòsí Narborough Road, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Oṣù mẹ́jọ péré ni mo fi ṣáájú rẹ̀ dé ìlú òyìnbó. Ṣùgbọ́n torí pé ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, èmi náà gbà pé mo mọ̀nà.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí mo fún un ni mo fẹ́ sọ, torí ó ń dùn mí títí dòní.

Ìwé ilé ni bàbá rẹ̀ fi dúró ní báńkì kí wọ́n tó yá wọn ní lákì mẹ́tàdínlógún owó rupee. Lákì kan, 100,000 ni. Kí físà tó jáde, bàbá yìí lọ sí Chilkur, tẹ́ńpìlì Balaji kan lẹ́yìn ìlú Hyderabad tí àwọn èèyàn mọ̀ sí tẹ́ńpìlì físà. Ẹni tó bá ń tọrọ nǹkan níbẹ̀ á yí ojúbọ po nígbà 11. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ ohun tó tọrọ, á padà wá yí i po nígbà 108. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́ fún mi, mo rántí bí ìyá mi ṣe gbé pásípọ́ọ̀tù tèmi gun orí òkè àdúrà n'Íbàdàn. Bàbá rẹ̀ yí 11, físà jáde, ó padà lọ yí 108, kò yọ ọ̀kan.

Físà akẹ́kọ̀ọ́ fún wa láyè láti ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì tó dé ni mo mú un lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan lápá Lutterworth, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru. Mo ní kó kọ́kọ́ wá owó tí báńkì máa gbà, pé iṣẹ́ gidi ò sá lọ, pé tó bá parí ilé ìwé, ìjọba á fún un ní ọdún méjì gbáko láti wá a. Òótọ́ ni ọdún méjì yẹn. Ọdún 2012 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀kùn náà pa, tí àwọn ọmọ Íńdíà tó ń wá kàwé sì dínkù gan-an. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2021 ni wọ́n tún un ṣí, tí wọ́n pè é ní Graduate Route, ni wọ́n bá tún ń rọ́ wá. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́jáde máa ń ṣí fọ́ọ̀mù wọn láti oṣù Kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti máa ń pa á dé kí Kérésìmesì tó kọjá, fún iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Ìgbà tí àwa méjèèjì ń to páálí lóru nìyẹn.

Ọmọbìnrin kan láti Ahmedabad náà ń gbé pẹ̀lú wa. Kò bá wa lọ sí Lutterworth rárá. Kíṣìnì ló máa ń jókòó sí, tòun ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, á ṣí ìwé orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ láti gba àlejò síṣẹ́, èyí tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́, á máa kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi gan-an ni mo sọ pé ọ̀lẹ ni, pé ọmọ olówó ni, eré ló bá wá. Nígbà tó fi máa di 2023, ó ti wà ní Birmingham, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìwé fún un. Mo ti pè é, mo ti bẹ̀ ẹ́.

Ohun tó tàn mí ni pé ọ̀nà tèmi yá. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba ṣí físà ìlera fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Ilé ìtọ́jú kan gbà mí, oṣù mẹ́ta ò pé tí ìwé mi fi jáde. Ọ̀nà tó ṣí fún mi lójijì yẹn ni mo wá ń júwe fún ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bí ẹni pé gbogbo wa la máa gba ibẹ̀ kọjá.

Oṣù Kejìlá 2022 ni ọdún méjì tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Báńkì ti ń béèrè owó, kò lè fi ilé ìkẹ́rùsí sílẹ̀. Tó bá dé iwájú àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́, wọ́n á bi í ohun tó ti ń ṣe bọ̀. Páálí ló ti ń tò. Wọ́n á tún bi í bóyá ó máa nílò sípọ́ńsọ̀, ìyẹn kí ilé iṣẹ́ ṣe ìwé físà fún un. Tó bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn kì í pè é mọ́.

Àfi oṣù Kìíní ọdún 2024. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Nottingham fẹ́ san £27,000 fún un lọ́dún. Ọ̀gá ibẹ̀ kò ní àṣẹ láti gba àlejò, ṣùgbọ́n ó ṣe tán láti lọ gbà á, ó kàn ní kí òun parí ìṣirò owó ilé iṣẹ́ náà lóṣù Kẹrin ná. Oṣù tó ṣáájú ni mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, James Cleverly, ti kéde pé owó tí ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ san kó tó lè gba àlejò máa fò láti £26,200 sí £38,700. Fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí físà ẹ̀kọ́, nígbà tí òfin náà jáde, láti £20,960 sí £30,960 ni. Ó bá mi ní kíṣìnì lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Akka, ṣé kí n tètè lọ bá ọ̀gá yìí sọ ọ́?"

Mo ní kó má ṣe yọ ọ́ lẹ́nu kó má baà sú u. Mo ní ọ̀rọ̀ olóṣèlú kì í yá. Mo ní ó ṣì ní títí di oṣù Kejìlá.

Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin. Owó tí ì bá tó ní ọjọ́ kẹta oṣù náà kò tó mọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́. Ọ̀gá yẹn ò lè fi £3,960 kún un, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ilé iṣẹ́ èèyàn mẹ́fà ni.

Oṣù Kọkànlá ni mo sìn ín lọ síbi bọ́ọ̀sì tó ń lọ Heathrow. Báàgì méjì tó gbé wá náà ló gbé lọ. Kò bínú sí mi. Ìbá tún sàn fún mi bó bá bínú.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, dé ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Lálẹ́ tó dé, ó béèrè ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí lọ́wọ́ mi. Ìwé orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ni mo ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, a sì jọ kọ fọ́ọ̀mù mẹ́rin kó tó sùn. Ẹni tó bá béèrè físà ìparí ẹ̀kọ́ láti oṣù Kìíní 2027, oṣù 18 ni wọ́n máa fún un dípò ọdún méjì, nítorí náà mo ti ń bi í nípa ọjọ́ tí èsì ìdánwò rẹ̀ máa jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì ra ìwé kankan.

Nígbà ọdún Diwali, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè mí láti Hyderabad. Ó ti ríṣẹ́, owó rẹ̀ kéré, báńkì ṣì ń gbà nínú rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ní oṣù Kìíní ọdún 2024, nígbà tí ọ̀rọ̀ Nottingham jáde, bàbá òun ti padà lọ sí Chilkur, ó ti yí 11. 108 rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ó wá gbé fóònù fún bàbá náà. Telugu ni bàbá ń sọ, ọmọ ń túmọ̀: ó ní òun dúpẹ́, pé mo tọ́jú ọmọ òun bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń tọ́jú àbúrò. Mo gbé fóònù mọ́ etí. Mi ò lè dá a lóhùn.