Áńpù Bàámi

Nígbà ìsinmi tó kọjá, bàámi sọ pé àwọn fẹ́ ta áńpù gìtá wọn kí n lè rí owó ilé-ìwé ọdún àṣekágbá san. Áńpù náà jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Òun ni wọ́n fi ń ta gìtá jùjú lóde àríyá kí wọ́n tó bí mi. Mi ò lè ní kí wọ́n má tà á. Ọjọ́ méjì péré ni mo tọrọ.

Mo ti ní AmpliTube ọ̀fẹ́, iṣẹ́ iléeṣẹ́ IK Multimedia ti Ítálì, lórí kọ̀ǹpútà mi. Àwọn tó ṣe é ti wo bí áńpù kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú, nítorí náà a lè yí báàsì àti tírẹ́bù rẹ̀ bó ṣe wù wá. Ṣùgbọ́n áńpù bàámi kò sí níbẹ̀.

Ni mo bá gba Neural Amp Modeler, tí Steven Atkinson ṣe. Ọ̀fẹ́ ni òun náà. Èyí kò bìkítà fún ohun tó wà nínú áńpù. Mo gbé máìkì síwájú áńpù, mo fi ìró ìdánwò bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ránṣẹ́ sínú rẹ̀, mo sì gba ohun tó jáde sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà wá fi èyí tó wọlé wé èyí tó jáde títí ó fi mọ ohùn náà sín jẹ. Lédè ẹ̀ka wa, AmpliTube kọ́ gírámà; NAM gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni.

Mo ní kí bàámi dijú. Mo ta orin kan náà nínú méjèèjì. Wọ́n ní ti AmpliTube dára, ṣùgbọ́n àlejò ni. Nígbà tó kan NAM, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Tèmi rèé!" Inú mi dùn.

"Ó yá, fi kún tírẹ́bù rẹ̀."

Mo yí tírẹ́bù tó wà lójú NAM. Bàámi mi orí. "Tèmi kì í dáhùn báyìí."

Òótọ́ ni. Ibi kan ṣoṣo tí bọ́tìnnì áńpù wà lọ́jọ́ náà ni mo gbà sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí àwọn fúnra wọn yí i sí gbogbo ibi tí wọ́n máa ń yí i sí lóde. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni a gbà á. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó rà á wá gbé e lọ.

Nínú iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ nítorí ẹ̀ka-èdè ìlú wa. Tẹ́lẹ̀, bí ìbéèrè mi bá ti tán, mo ti ń palẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ní báyìí, kí n tó pa rẹ̀kọ́dà, mo máa ń bi wọ́n pé: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mi ò béèrè?"