Bọ́nẹ́ẹ̀tì Tó Gbóná Láàárọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má ṣe fi mí rẹ́rìn-ín: díẹ̀ ló kù kí n kó owó èésú ọdún mẹ́ta, tèmi àti ti ìyàwó mi, sílẹ̀ ní Ìbàdàn nítorí ọ̀dà mọ́tò tí ń dán gbinrin.

"Tíṣà, ọkọ̀ yìí kò yọ mí lẹ́nu rí," ni bàbá tó ni ín wí. Aago méje àárọ̀ ni mo dé, ṣùgbọ́n bí mo ti gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti gbóná janjan. Kí ló dé tí wọ́n fi tan án sílẹ̀ dè mí? Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná a máa bo àrùn mọ́lẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá, n ó dúró kí ó tutù."

Ojú wọn korò. Mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò fún wákàtí mẹ́ta, bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ iléèwé níbi ìdánwò.

Ìwé ọkọ̀ àti nọ́ńbà ara rẹ̀ bára mu, mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìdérí ọ́ìlì, nǹkan funfun kan ki mọ́ ọn bí ògì: ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ inú ọ́ìlì. A tan ọkọ̀, èéfín aláwọ̀ aró sì tú jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì ń jó.

Kíá ni bàbá dín owó kù, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.