Nígbà Tí Dókítà Eyín Ṣì Mọ Iṣẹ́ Ọwọ́ Ara Rẹ̀

Ní ọdún 1849, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n bá àfọ́kù eyín àtọwọ́dá nínú ààrò kan ní ilé ìwé ìṣègùn Harvard. George Parkman, ọlọ́rọ̀ tó fún ilé ìwé náà ní ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sí, ti di àwátì. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Webster, tó jẹ ẹ́ lówó, ni ojú wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n eegun lásán kì í sọ orúkọ olówó rẹ̀, agbẹjọ́rò Webster sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nathan Keep, dókítà eyín Parkman, ló la ọ̀rọ̀ náà. Ó wo àfọ́kù náà, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ó rántí pé ìkánjú lòun fi ṣe eyín yẹn ní ọdún 1846, nítorí pé Parkman fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣí ilé ìwé náà gan-an. Ẹ̀dà àgbọ̀n Parkman tó fi pilásítà mọ nígbà náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e lọ sílé ẹjọ́, ó gbé àfọ́kù eyín lé e, ó sì bá a mu. Omi bọ́ lójú rẹ̀ níbi tó ti ń jẹ́rìí. Wọ́n yẹgi fún Webster ní ọdún 1850.

Ká ní ẹnì kan bi Keep pé níbo ló ti kọ́ iṣẹ́ fífi eyín dá òkú mọ̀, kò ní rí èsì fún un. Kò sí ilé ìwé tó ń kọ́ni bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà ni oníbàárà tó jókòó sórí àga rẹ lọ́pọ̀ ìgbà, tí o mọ ìbínú rẹ̀, tí o mọ ibi tí àgbọ̀n rẹ̀ ti yọ síta. Ṣáájú rẹ̀, ní 1776, Paul Revere, alágbẹ̀dẹ fàdákà tó tún máa ń tún eyín ṣe, ti dá òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Joseph Warren mọ̀ nínú sàréè ogun, nítorí pé ọwọ́ Revere ló fi wáyà so eyín àtọwọ́dá kan mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn méjèèjì kò ní ìwé ẹ̀rí kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kàn mọ ẹni tó kú ni.

Nígbà tí iná jó ọjà ìtọrẹ àánú àwọn olówó ní Paris, ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 1897, ènìyàn tó lé ní ọgọ́fà ló ṣòfò. Àwọn kan jóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ kò dá ìyàwó mọ̀, tí ọmọ kò dá ìyá mọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn dókítà eyín wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe rí òkú ìyáàfin Alençon, àbúrò ayaba Austria, nípasẹ̀ iṣẹ́ tí dókítà rẹ̀ ti ṣe sí i lẹ́nu. Oscar Amoëdo kó ìrírí àwọn dókítà wọ̀nyí jọ, ó fi kọ ìwé ní 1898. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣí. Ọmọ Matanzas ní Cuba ni Amoëdo. Ìlú tí àwọn ọmọ Lùkùmí, ìran Yorùbá ní Cuba, gbé fìdí kalẹ̀ ni Matanzas. Mi ò sọ pé Lùkùmí ni bàbá rẹ̀ o, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé láti ibẹ̀ ló ti wá.

Lónìí, ọ̀nà ti là. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí á kọ́kọ́ gba digíríì eyín, ọdún mẹ́fà gbáko ní Ìbàdàn, Èkó tàbí Ifẹ̀, kó tó ronú àtilọ sí Dundee ní Scotland, Leuven ní Belgium, tàbí San Antonio ní Texas. Ní Amẹ́ríkà, láti 1976 ni ìgbìmọ̀ kan ti wà tó ń ṣe ìdánwò fún irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ jókòó ṣe é gbọ́dọ̀ ti bá ọ́fíìsì tó ń yẹ òkú wò ṣiṣẹ́. Interpol ka eyín mọ́ ohun mẹ́ta tó lè dá dúró fi dá òkú mọ̀. Ìka ọwọ́ àti DNA ni méjì yòókù. Owó iṣẹ́ náà ni kò tó jẹun. Díẹ̀ ló ń fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́; àwọn tó kù ń yọ eyín, wọ́n ń dí eyín láàárọ̀, ọjọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n tó ń pè wọ́n sí mọ́ṣúárì.

Ìmọ̀ yìí gan-an sì ti kó ìtìjú bá ara rẹ̀ rí. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo àpá eyín lára òkú, wọ́n á ní eyín lágbájá ló ṣe é. Ilé ẹjọ́ gbà wọ́n gbọ́. Ray Krone ní Arizona gba ìdájọ́ ikú ní 1992 nítorí àpá eyín; ní 2002 ni DNA fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní 2016, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Texas ní kí wọ́n dá ẹ̀rí àpá eyín dúró nílé ẹjọ́ ná. Mo máa ń rò ó pé Keep kò ní ṣe é. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló jẹ́rìí sí. Àwọn tó ń wo àpá eyín ń fi ojú lásán búra lórí ẹnu àjèjì, lórí awọ ara tó ń wú, tó sì ń súnkì.

Ohun mìíràn tún wà tí ayé òde òní bù kúrò. Ọṣẹ ìfọyín olóògùn ti mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ dàgbà láìní ihò kankan léyín. Ìdíyín funfun náà kò sì hàn ketekete bí wúrà àti fàdákà àtijọ́. Ẹnu tó sunwọ̀n jù ló wá ń ṣòro dá mọ̀ jù.

Nílé wa ńkọ́? Ta ló ń lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín láìjẹ́ pé oorun ti dá lójú rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kan náà la ń lọ, wọ́n á yọ ọ́, ó tán. Káàdì á wà lábẹ́ eruku, tí eku kò bá tíì jẹ ẹ́. Dókítà tó kọ ọ́ á ti já pa. Nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú Dana já ní Ìjú-Ìṣàgá ní oṣù kẹfà ọdún 2012, tí gbogbo ẹni 153 inú rẹ̀ kú, òkè òkun la gbé DNA lọ fún àyẹ̀wò, ẹbí sì ń dúró. Ó dá mi lójú pé nínú gbogbo àwọn tó kú yẹn, ẹni tó ní àwòrán X-ray eyín ní sípítù kan kò ní pọ̀.

Ṣùgbọ́n fóònù wà. Àwọn ìyá wa àgbà kì í ṣí ẹnu nínú fọ́tò. Wọ́n á dijú mọ́rí bí ẹni tó fẹ́ dájọ́. Àwọn ọmọ wọn ń ya ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́, gbogbo eyín síta. Àwọn dókítà tó ń fi eyín dá òkú mọ̀ ti ń lo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀: wọ́n á fẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á wo eyín tó ṣán létí, èyí tó gun ara, bí èjí ṣe fẹ̀ tó. Torí náà, dókítà tó kàwé dé Dundee, tó padà wálé, ìbéèrè tó máa bi ìyá olóògbé kò ní gígùn: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ní fọ́tò ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín?”