Páàdì ni tàbí Máòsì?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Síbẹ̀, ẹni tí owó rẹ̀ kéré kò lè tọ ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó délẹ̀ láàrin àwa mẹ́ta tí a jọ ń gbé yàrá kan, tí a sì jọ ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká kan. Owó tí a dá jọ kò ju èyí tí a lè fi ra ohun kan lọ: yálà páàdì, tàbí máòsì tí a ó máa lò pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà náà. Àríyànjiyàn wa gbóná tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí àwọn méjì nínú wa kò kí ara wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nítorí náà ni a ṣe jókòó láti fi sùúrù yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kí eré má baà tú ọ̀rẹ́ wa ká.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti máòsì. Nínú géèmù ìbọn, kò ní ẹgbẹ́. Bí ọwọ́ bá ti ń rìn lórí tábìlì ni ojú ìbọn ń rìn; bí ọwọ́ bá dúró, ojú ìbọn a dúró. Ti páàdì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi àtàǹpàkò ti ọ̀pá kékeré orí rẹ̀ ń sọ bí ojú ìbọn yóò ti yára tó ni, kò tíì sọ ibi tí yóò dúró sí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ géèmù ìbọn fi ń ran ẹni tí ó mú páàdì lọ́wọ́, tí ojú ìbọn rẹ̀ a máa fà mọ́ ọ̀tá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Dennis Fong borí nínú ìdíje Quake ní ọdún 1997, tí ó gba ọkọ̀ Ferrari tí John Carmack, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe géèmù náà, fi lélẹ̀, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ni ó fi jà.

Ẹ̀wẹ̀, páàdì ní ògo tirẹ̀. Bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù kò mọ̀ ju kí a tẹ̀ ẹ́ tàbí kí a má tẹ̀ ẹ́ lọ. Mẹ́rin tí a fi ń rìn, W, A, S àti D, kò lè tọ́ka sí ju ìhà mẹ́jọ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pá orí páàdì ń lọ sí ìhà gbogbo: bí a bá tì í díẹ̀, akọni inú géèmù a rọra rìn, bí a bá tì í dé òpin, a sáré. Nínú géèmù idà, níbi tí a ti ń yí ọ̀tá ká, tí a ń yẹ̀, tí a sì ń padà ṣá a, ẹsẹ̀ ni ó ń gba ènìyàn là ju ojú lọ. Nígbà tí Dark Souls dé orí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2012, ọ̀pọ̀ ènìyàn ráhùn gidigidi sí bí kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ti ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a kò bi ara wa mọ́ pé èwo ni ó dára jù. A bèèrè pé kí ni àwa ń ṣe jù. A ka géèmù wa, ó jẹ́ mẹ́jọ: mẹ́fà jẹ́ ti idà àti ẹ̀ṣẹ́, méjì péré ni ti ìbọn. Páàdì ni a rà. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìbọn gbà bẹ́ẹ̀, a sì fi ohùn ṣọ̀kan pé máòsì rẹ̀ ni owó tí a bá tún dá jọ yóò kọ́kọ́ rà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, a kì í fi ọkọ́ gé igi, a kì í sì í fi àáké ro oko. Kò sí èyí tí ó burú nínú méjèèjì. Iṣẹ́ wọn ni ó yàtọ̀.